Ẹ jọ̀ọ́, ta ló ti fọwọ́ ara ẹ̀ kan ọkọ̀ onígbòkun kékeré rí l'Ábújá níbí?

Akọ̀wéKúbwa:

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Kúbwa ni mò ń gbé, iṣẹ́ ìjọba ni mò ń ṣe, èmi kì í ṣe káfíńtà rárá, kẹ́ ẹ má lọ rò pé ọ̀gá ló ń bi yín. Ó ti pẹ́ tó ti ń wù mí kí n fọwọ́ ara mi kan ọkọ̀ ojú omi onígbòkun, ti kékeré tí wọ́n ń gbé sí pálọ̀, àmọ́ kì í ṣe irú èyí tí wọ́n ń tà lójú títì tí wọ́n gé igi bákan ṣá tí wọ́n lẹ aṣọ mọ́ ọn o, mo fẹ́ kí gbogbo ẹ̀ bá síkéèlì mu, ìyẹn ni pé bí ara ọkọ̀ ṣe kéré sí ti gidi tó náà ni gbogbo nǹkan orí ẹ̀ ṣe máa kéré tó, látorí pákó ara ẹ̀ dórí òpó dórí okùn, títí kan ihò tí àgbá ń yọ ẹnu sí. Fídíò tí mo ti wò lórí YouTube pọ̀ débi tí ìyàwó mi fi ń bi mí bóyá mo fẹ́ lọ wọṣẹ́ Nẹ́fì.

Ọkọ̀ tó wà lọ́kàn mi ni Myrmidon, ọkọ̀ ogun ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó gba Àjàyí Crowther àtàwọn tí wọ́n jọ kó lẹ́rú sílẹ̀ lọ́wọ́ àwọn Potogí ní 1822, tó wá kó wọn lọ sí Freetown. Àti kékeré ni wọ́n ti sọ ìtàn yẹn fún wa nílé ìwé, gbogbo èèyàn ló máa ń sọ̀rọ̀ Crowther, kò sẹ́ni tó ń sọ bí ọkọ̀ yẹn ṣe rí.

Kíìtì ńkọ́, èyí tí wọ́n ti gé gbogbo igi ẹ̀ sínú páálí kéèyàn kàn tò ó? Mi ò rí ti Myrmidon. Àwọn tí mo rí, ti Victory, ti Cutty Sark, àwọn ọkọ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó lókìkí, owó dọ́là ni gbogbo ẹ̀, tẹ́ ẹ bá wá fi owó tí wọ́n máa fi gbé e wọ Nàìjíríà kún un, ẹ ò ní lè sọ ọ́ létí ìyàwó yín. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí n kúkú bẹ̀rẹ̀ látorí igi lásán. Igi wo ni kí n rà? Irinṣẹ́ wo ni èèyàn ò lè ṣe kó má ní? Àwòrán ọkọ̀ ńkọ́, níbo ni wọ́n ti ń rí i? Àti ọyẹ́ Àbújá yìí, ṣé kò ní ya gbogbo ẹ̀ fún mi tí mo bá kàn án tán?

Mo lọ sí ọjà pákó ní Dei-Dei ní Sátidé, mo ní kí wọ́n bá mi la pákó sí 2mm. Ọkùnrin tó wà nídìí máṣíìnì wò mí títí, ó ní "Alhaji, me za ka yi da shi?" Mo ní ọkọ̀ ojú omi ni mo fẹ́ fi ṣe. Ṣe ló pe àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ pé kí wọ́n wá wò mí.

Jẹ́ǹtùGwarinpa:

Hahaha. Ọkọ̀ ojú omi l'Ábújá! Ẹ̀gbọ́n, ṣé Jabi Lake lẹ fẹ́ gbé e gbà dé Freetown ni? Ẹ má bínú o, àwàdà ni mò ń ṣe, àwọn Nẹ́fì gan-an Àbújá níbí ni orílé-iṣẹ́ wọn wà, òkun dà níbẹ̀? Mo ti gbé àga jókòó sẹ́yìn, mò ń tẹ̀ lé yín.

TíṣàKàdúná:

Akọ̀wé, ẹ kú èrò rere. Iṣẹ́ igi ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ ní tẹ́kíníkà kí n tó fẹ̀yìn tì, ọkọ̀ kíkàn yìí ló ń gba àsìkò mi ní Kàdúná báyìí, Panteka, ọjà irinṣẹ́ wa, ò sì jìnnà sí mi, irinṣẹ́ tí mo bá wá níbẹ̀ tí mi ò rí, á jẹ́ pé wọn ò tíì rọ ọ́ ni.

Mo bẹ̀ yín, ẹ fi Myrmidon sílẹ̀ ná. Kì í ṣe pé kò dáa o. Òpó mẹ́ta ni, àgbá 20, ọkọ̀ gidi gùn ju 100 ẹsẹ̀ bàtà lọ. Tẹ́ ẹ bá kàn án ní 1:48, ìyẹn ni pé ínṣì kan nínú tiyín dúró fún ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin nínú ti gidi, ara ọkọ̀ nìkan á ti ju ẹsẹ̀ bàtà méjì lọ, kẹ́ ẹ tó fi igi tó yọ síwájú imú ẹ̀ kún un. Okùn orí ẹ̀ nìkan, àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe gan-an máa ń lo ọ̀pọ̀ oṣù nídìí ẹ̀. Ẹni tó bá fi irú ẹ̀ bẹ̀rẹ̀, abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni iṣẹ́ ẹ̀ máa ń sùn sí.

Ẹ jẹ́ kí n fún yín ní ọkọ̀ mìíràn, ti apá òkè wa níbí ni. Joliba. Ṣẹ́ ẹ rántí Mungo Park, òyìnbó ará Scotland tí wọ́n rán wá kó wá mọ ibi tí odò Ọya ń ṣàn lọ? Ìgbà tó dé Sansanding, ní Mali òde òní, ní 1805, ibà àti ìgbẹ́ ọ̀rìn ti pa èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn sọ́jà tó kó wá, àwọn káfíńtà tó mú dání láti kan ọkọ̀ náà ti kú. Ọba Ségù fún un ní ọkọ̀ àjẹ̀ méjì, apá kan lára ọ̀kọ̀ọ̀kan ti jẹrà. Ó gé èyí tó dáa lára ọ̀kan, ó so ó mọ́ èyí tó dáa lára èkejì, òun àti sọ́jà kan ṣoṣo tí ara ẹ̀ ṣì lè gbé iṣẹ́, ọjọ́ 18 ni wọ́n fi ṣe é, ló bá di ọkọ̀ onígbòkun. Park fúnra ẹ̀ kọ ìwọ̀n ẹ̀ sílẹ̀: 40 ẹsẹ̀ bàtà ní gígùn, ẹsẹ̀ bàtà 6 ní fífẹ̀, ìdí ẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, tí ẹrù bá kún inú ẹ̀ ẹsẹ̀ bàtà kan péré ló ń rì sínú omi. Ọkọ̀ yẹn ló gbé e la gbogbo ọ̀nà yẹn já títí dé Bussa, ní Ìpínlẹ̀ Niger wa níbí, ibẹ̀ ló ti kú ní 1806. Bussa àtijọ́ ti wà lábẹ́ adágún Kainji látìgbà tí wọ́n ti sé odò ní 1968.

Ẹ wá wo ìṣirò ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá lo 1:24, ìlàjì ínṣì ni ẹsẹ̀ bàtà kan. Ọkọ̀ yín á gùn ní ínṣì 20, á fẹ̀ ní ínṣì 3. Ó wọ orí sẹ́ẹ̀fù, ìdí ẹ̀ tẹ́, pákó ibẹ̀ ò le láti tẹ̀, kò sí pé ẹ ń wá àgbá 20. Ohun tó kàn wà níbẹ̀ ni pé ìwọ̀n yẹn nìkan lẹ ní, bí iwájú ẹ̀ ṣe ká sókè àti bí wọ́n ṣe so ìgbòkun, ẹ máa fojú wo àwọn ọkọ̀ àjẹ̀ ńlá tí wọ́n ṣì ń lò lórí odò Ọya dòní, kẹ́ ẹ wá fi ọgbọ́n orí ṣe èyí tó kù. Ìyẹn gan-an ló dùn jù nínú ẹ̀ lójú tèmi.

Ní ti kíkàn ẹ̀, egungun ló ń sọ ọkọ̀ di ọkọ̀. Ẹ máa gé kíìlì, igi tó lọ tààrà nísàlẹ̀ láti iwájú dé ẹ̀yìn, látara plywood 4mm tàbí 5mm, ẹ máa wá gé àwọn egungun tó dábùú ẹ̀, ẹ la ojú sí àárín wọn kí wọ́n lè há mọ́ ọn. Tẹ́ ẹ bá wo àwòrán ọkọ̀ gidi, ẹ máa rí i pé ìlàjì egungun ni wọ́n máa ń yà, apá ọ̀tún fún iwájú ọkọ̀, apá òsì fún ẹ̀yìn, torí pé ẹ̀gbẹ́ méjèèjì bára mu. Ẹ ká bébà sí méjì, ẹ gé e pa pọ̀, ẹ ṣí i, egungun yín ti pé, kò ní wọ́ sápá kan. Kẹ́ ẹ tó gé e, ẹ yọ ìwọ̀n nínípọn pákó kúrò létí ẹ̀ o, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ tẹ́ ẹ bá lẹ pákó mọ́ ọn tán ọkọ̀ á ti sanra ju bó ṣe yẹ lọ.

Títẹ àwòrán jáde tún ni o. Bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà lèèyàn ti ń pàdánù. Tí ọmọ ibẹ̀ bá fi í sílẹ̀ sí Fit to page, kọ̀ǹpútà á sún àwòrán yín kì láìsọ fún ẹnikẹ́ni, ẹ ní kó mú Actual size. Kẹ́ ẹ tó kúrò nílé ẹ fa ìlà 10cm sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán, tó bá ti jáde ẹ fi rúlà wọ̀n ọ́n lójú ẹ̀ níbẹ̀. Tí kò bá pé 10cm gééré, ẹ ní kó tún un ṣe.

Tẹ́ ẹ bá to egungun tán, ẹ má tíì fọwọ́ kan gọ́ọ̀mù. Ẹ mú pákó tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ń tẹ̀, ẹ gbé e gba orí gbogbo egungun láti iwájú dé ẹ̀yìn, ẹ tẹjú mọ́ ọn dáadáa. Ibi tó bá ti gbé ara sókè, egungun ibẹ̀ ga jù, ibi tí ìmọ́lẹ̀ bá ti ń yọ lábẹ́ ẹ̀, egungun ibẹ̀ ló relẹ̀. Ẹ lẹ sáńpépà mọ́ igi gbọọrọ tó lè gba orí egungun mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ máa fi ha á wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, iwájú àti ẹ̀yìn ni iṣẹ́ pọ̀ sí torí pé etí egungun ibẹ̀ gbọ́dọ̀ dagun kí pákó tó lè jókòó lé e tán. Mo ti rí àwọn ọmọ tí ọwọ́ wọn dáa tí wọ́n fo ibí yìí, pákó wọn rí gbágungbàgun, kò sí fánísì tó lè bò ó.

Ìgbà tó bá kan Myrmidon, ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé ojú omi tó wà ní Greenwich ní Lọ́ńdọ̀nù ló tọ́jú àwòrán àwọn ọkọ̀ ogun ọba, wọ́n máa ń ta ẹ̀dà ẹ̀. Tó bá sì jẹ́ ọ̀fẹ́ lẹ fẹ́, àwọn àwòrán ọkọ̀ tí Chapman ará Sweden tẹ̀ jáde ní 1768 wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ kàn máa gbé e sọ̀ kalẹ̀ ni, ọkọ̀ ńlá wà níbẹ̀, ti kékeré náà wà níbẹ̀.

KáfíńtàKugbo:

Tíṣà, ẹ kú àlàyé. Ẹ̀gbọ́n Kúbwa, ẹ kú iṣẹ́ o. Fọ́níṣà ni mò ń ṣe ní Kugbo, n kì í kan ọkọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ igi ni mo lè sọ.

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé igi òyìnbó lẹ nílò. Arère! Arère tí ẹ̀ ń wò yìí, òun ni wọ́n ń tà fún yín ní dọ́là nínú ọ̀pọ̀ kíìtì yẹn lórúkọ obeche, igi igbó apá ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà níbí ni, a ò tiẹ̀ kà á sí nǹkan kan, inú àga la máa ń fi í sí níbi tí ojú ò tó. Ó fúyẹ́, kúbíìkì mítà kan ẹ̀ tó bá gbẹ ò ju bíi kílò 380 lọ, ìrókò máa tó 650, bíléèdì ń gé e, ó ń tẹ̀. Ẹ kàn yẹ̀ ẹ́ wò kẹ́ ẹ tó rà á, kòkòrò fẹ́ràn ẹ̀, ó sì máa ń ní àbàwọ́n aláwọ̀ búlúù tí wọ́n bá fi í sílẹ̀ nínú òjò, èyí tó funfun bíi mílíìkì ni kẹ́ ẹ mú.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ pákó dúdú fún etí ọkọ̀ tàbí orí ẹ̀, ẹ lo masóníà, àwọ̀ ẹ̀ jọ walnut táwọn òyìnbó máa ń lò. Àmọ́ ìyẹ̀fun ẹ̀ o! Ó ń mú èèyàn sín, ó ń mú imú ṣẹ̀jẹ̀, ó ń yún ara. Àwọn ìbòmú tí Kòrónà fi sílẹ̀ fún wa, ẹ wá wọn jáde. Ìrókò náà máa ń dààmú ọ̀nà ọ̀fun, kò kàn burú tó masóníà ni. Èmi ò ní lo ìrókò fún nǹkan kékeré báyìí, ojú rẹ̀ tóbi jù, ẹni tó bá wò ó á mọ̀ pé igi àga ni.

Ọ̀rọ̀ ọkùnrin Dei-Dei yẹn, ẹ má bínú sí i, kò jẹ̀bi. Máṣíìnì tó ń la gẹdú, ẹnu ayùn ẹ̀ nípọn ju pákó tẹ́ ẹ̀ ń wá lọ, kó tó la 2mm fún yín ó ti sọ ìlọ́po méjì ẹ̀ di ìyẹ̀fun. Bẹ́ ẹ ṣe máa ṣe é nìyí: ẹ ra pákó arère kan, ẹ ní kí wọ́n pílénì ẹ̀ dé 6mm nínípọn, ẹ wá gbé e fún ẹni tó ní ayùn tábìlì kékeré tí ẹnu ẹ̀ fẹ́lẹ́, òun á máa la 1.5mm láti etí ẹ̀. Nínípọn 6mm yẹn ló ti di fífẹ̀ pákó yín nìyẹn, ní 1:48 ó jẹ́ bí ínṣì 11 lára ọkọ̀ gidi, kò sì burú. Ní 1:24 ti Tíṣà ẹ lè jẹ́ kó fẹ̀ tó 10mm. Tàbí kẹ́ ẹ gbà mí gbọ́, ẹ wá kó àjákù fíníà, pákó fẹ́lẹ́ bíi bébà tí à ń lẹ̀ sójú àga, ó wà nílẹ̀ ní Kugbo níbí, iná la máa ń fi í dá. Ẹ kọ́kọ́ fi arère bo egungun, bó ti wù kó rí, ẹ fi sáńpépà gbá a dan, ẹ wá fi fíníà masóníà tàbí mahogany bò ó lẹ́ẹ̀kejì. Abẹ lásán ló ń gé fíníà.

Ọyẹ́ tẹ́ ẹ bèèrè, ọ̀rọ̀ gidi nìyẹn. Igi kì í sún kì ní gígùn ẹ̀ tó nǹkan, fífẹ̀ ẹ̀ ló ń yọ wá lẹ́nu. Nígbà òjò ó ń mu omi inú afẹ́fẹ́ ó ń wú, ọyẹ́ dé ó gbẹ ó fún. Tẹ́ ẹ bá lẹ pákó tútù lóṣù August, tó bá di January, àlàfo tó máa wà láàárín wọn, ẹ máa lè fi ọwọ́ kàn án. Ẹ la pákó, ẹ dì í ní ìdì, ẹ gbé e sínú yàrá tẹ́ ẹ ti máa ṣiṣẹ́ gan-an kì í ṣe ẹ̀yìn ilé. Àwọn ọ̀gá tó kọ́ wa máa ń sọ pé ínṣì kan nínípọn, ọdún kan gbígbẹ, èyí tó jẹ́ 2mm ò lè gba ju ọ̀sẹ̀ mélòó kan lọ. Ìgbà ọyẹ́ ni kẹ́ ẹ lẹ ẹ́, tí òjò bá dé á kàn fún mọ́ra wọn ni. Gọ́ọ̀mù igi, Top Bond funfun, ni kẹ́ ẹ lò, súpà gúlù wà fún ibi tẹ́ ẹ fẹ́ kó tètè dì mú nìkan, ó máa ń gan, tí ọmọdé bá fọwọ́ gbá ọkọ̀ yẹn subú ẹ máa kó o bíi èkù àwo.

Ṣùgbọ́n Tíṣà, ẹ má bínú o, Joliba tẹ́ ẹ sọ yẹn, ṣé ọkọ̀ nìyẹn? Ọkọ̀ àjẹ̀ tí wọ́n so aṣọ mọ́ ni. Bọ̀dá yìí ń wá ọkọ̀ onígbòkun. Kó lo pákó nínípọn, kó gé e ní ìpele ìpele bí àwòrán ṣe sọ, kó fi Top Bond lé wọn lé ara, kó fi pílénì gbẹ́ ẹ sí bí ọkọ̀ ṣe rí. Kò sí wàhálà egungun, kò sí pákó fẹ́lẹ́. Oṣù méjì ó ti tán.

TíṣàKàdúná:

Káfíńtà, ọ̀rọ̀ igi yín ò ní àbùkù, mo gbà. Pákó tẹ́ ẹ ní kó lé lé ara náà dáa, ọ̀nà àtijọ́ ni, arère sì ni igi tó dáa jù fún un. Ṣùgbọ́n ẹni tó ní kí gbogbo ẹ̀ bá síkéèlì mu dórí pákó kọ̀ọ̀kan, ṣé ẹ fẹ́ kó fi pẹ́ńsù ya ìlà sára igi ni?

Ẹ tún ní Joliba kì í ṣe ọkọ̀. Park gbé àsíá ọba sókè lórí ẹ̀, ó pè é ní ọkọ̀ ọba nínú ìwé tó kọ ránṣẹ́ sílé. Oṣù October 1805 ni Victory ja ogun ojú omi Trafalgar, oṣù November ọdún yẹn gan-an ni Joliba ṣí kúrò ní Sansanding. Ọba kan náà ló ni àwọn méjèèjì.

Lọ́kọ́jàBọ́ì:

Tó bá jẹ́ tìtorí Crowther ni, ẹ kan Pleiad. Ọkọ̀ onírin ni, ó ní ẹ́ńjìnnì, ó tún ní ìgbòkun, òyìnbó kan tó ń jẹ́ Baikie ló gbé e gba odò Ọya wọ odò Benue ní 1854, Crowther wà nínú ẹ̀. Kuníìnì, oògùn ibà, ni wọ́n ń lò lójoojúmọ́, kò sí òyìnbó kankan tó kú, ẹ wo iye tó kú nígbà tí àwọn òyìnbó gba odò yìí wá ní 1841. Lọ́dọ̀ wa ní Lọ́kọ́jà níbí ló kọjá. Kò rọrùn o, mo kàn ní kí n sọ ọ́.

Akọ̀wéKúbwa:

Háà, ẹ ṣeun o. Ẹ ṣeun gan-an. Tíṣà, ìtàn Joliba yẹn ti mú mi, mi ò mọ̀ pé Park fi ọwọ́ ara ẹ̀ kan nǹkan rárá, ohun tí wọ́n kọ́ wa nílé ìwé ni pé ó "ṣàwárí" odò tí àwọn tó ń pẹja níbẹ̀ ti mọ̀ tipẹ́. Ẹ jẹ́ kí n fi Joliba bẹ̀rẹ̀.

Ó ku okùn àti ìgbòkun. Kí ni kí n lò? Òwú ìránṣọ tí mo wò lára ẹ̀rọ ìyàwó mi, irun ló hù sí i lára tí mo bá sún mọ́ ọn. Àti títẹ̀ pákó níbi iwájú, ṣé omi lásán ló ń tẹ̀ ẹ́ ni?

TítíJos:

Ẹ̀yin ọkùnrin ti sọ̀rọ̀ igi tán, ẹ jẹ́ kí obìnrin sọ ti okùn. Jos ni mo wà, aṣọ ni mò ń ran, ọkọ̀ tí mo kàn wà ní ṣọ́ọ̀bù mi, àwọn kọ́sítọ́mà kì í jẹ́ kí n gbádùn, ojoojúmọ́ ni wọ́n ń bi mí pé èló ni.

Títẹ̀ pákó: omi gbígbóná ló ń ṣe é, kì í ṣe omi tútù, ohun tó ń mú igi tẹ̀ ni ooru ju omi lọ. Ẹ rẹ arère yín díẹ̀ sínú omi gbígbóná, ẹ gbé e lé igo tàbí ẹ̀gbẹ́ ìkòkò, ẹ fi áyọ́ọ̀nù gbígbóná tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn díẹ̀díẹ̀, ẹ fi okùn dè é síbẹ̀ títí á fi gbẹ, lẹ́yìn náà lẹ ó wá lẹ ẹ́. Tẹ́ ẹ bá lẹ ẹ́ ní tútù, á fún tó bá gbẹ. Pẹ́ẹ̀gì aṣọ ti tó kíláàmù, ẹ ra ti onígi kẹ́ ẹ yí apá ẹ̀ padà kí ẹnu ẹ̀ lè gùn. Pákó kì í jẹ́ fífẹ̀ kan náà láti iwájú dé ẹ̀yìn o. Ẹ mú bébà tẹ́ẹ́rẹ́, ẹ fi wọn ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀ ní àárín, ẹ tún fi wọ̀n ọ́n níwájú, ẹ máa rí i pé iwájú kéré sí àárín. Iye pákó kan náà ló gbọ́dọ̀ gba ibi méjèèjì, so ẹ pín ìwọ̀n iwájú sí iye pákó, kẹ́ ẹ fi abẹ gbẹ́ ẹnu pákó kọ̀ọ̀kan dé ìwọ̀n yẹn. Tó bá wá di pé ẹnu ẹ̀ ò tó ìlàjì fífẹ̀ ẹ̀ mọ́, ẹ dá pákó kan dúró lọ́nà, ẹ má fipá mú un dé iwájú.

Okùn wá. Oríṣi méjì ló wà lórí ọkọ̀ àtijọ́. Èyí tó di òpó mú tí kì í rìn, ọ̀dà ni wọ́n fi ń pa á kí òjò àti iyọ̀ òkun má bà á jẹ́, dúdú tàbí búráùn tó ṣú ni kẹ́ ẹ lò níbẹ̀. Èyí tí àwọn atukọ̀ ń fà láti gbé ìgbòkun sókè sódò kì í ní ọ̀dà, àwọ̀ ẹ̀ mọ́lẹ̀. Àwọn tó bá fi dúdú ṣe gbogbo ẹ̀, èèyàn tó mọ̀ á ti rí i láti ẹnu ọ̀nà. Ní ti irun ara òwú, ẹ wá ìda oyin, ẹ fa òwú gba orí ẹ̀ nígbà bíi méjì, ẹ fi ọwọ́ gbígbóná nù ún, irun á sùn. Òwú polyester ni mo fẹ́ràn torí òjò àti ọyẹ́ ò ní máa fà á ní máa dẹ̀ ẹ́ bíi ti kọ́tínnì. Ẹ bá àwọn tó ń ṣe ọnà sára bàbáńrìgà sọ̀rọ̀, Wuse ò lè ṣàìní wọn, ẹ kàn má ra èyí tó ń dán.

Okùn tó nípọn, ẹ má rà á, ẹ lọ́ ọ fúnra yín. Ẹ so òwú mẹ́ta mọ́ ìṣó lára ògiri, ẹ fi dírìlì lọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan sápá kan títí á fi fẹ́ máa ká, ẹ wá kó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ kẹ́ ẹ lọ́ wọn sí òdìkejì. Tẹ́ ẹ bá fi í sílẹ̀ kò ní tú, èyí tó fẹ́ tú sọ́tùn-ún ni èyí tó fẹ́ tú sósì ń dì mú. Bí wọ́n ṣe ń ṣe okùn ọkọ̀ gidi náà nìyẹn. Dírìlì yẹn náà lẹ máa fi ṣe òpó, ẹ kọ́kọ́ gbẹ́ igi onígun mẹ́rin sí onígun mẹ́jọ, ẹ fi ẹnu ẹ̀ sínú dírìlì, ẹ fi sáńpépà dì í mú kó máa yí.

Ìṣó onígi tẹ́ ẹ máa fi kan pákó mọ́ egungun: igi ọparun tí wọ́n fi ń gún ẹran ní súpámákẹ́ẹ̀tì. Ẹ lu ihò sára irin pẹlẹbẹ kan, láti ńlá dé kékeré, ẹ la ọparun sí tẹ́ẹ́rẹ́, ẹ fi pínsẹ̀ fà á gba ihò kọ̀ọ̀kan títí á fi dé 1mm. Ọwọ́ máa dùn yín.

Ìgbòkun, ẹ fi àńkárá ṣe é! Mi ò ṣàwàdà. Yinka Shonibare, oníṣẹ́ ọnà, ọmọ wa tó dàgbà l'Ékòó, ṣe Victory sínú ìgò ńlá kan ní 2010, síkéèlì 1:30, ìgbòkun 37 lórí ẹ̀, àńkárá ni gbogbo ẹ̀, Trafalgar Square ní Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n kọ́kọ́ gbé e sí, ó ti wà ní Greenwich báyìí.

TíṣàKàdúná:

Títí, ẹ ṣé, mo ti kọ ti pẹ́ẹ̀gì yẹn sílẹ̀. Àńkárá dáa fún Shonibare, ohun tó fẹ́ fi sọ ju ọkọ̀ lọ. Ní ti Joliba kí Akọ̀wé lo kọ́tínnì tó fẹ́lẹ́ jù tó bá rí, kó fi tíì rẹ ẹ́ kó má funfun báláú, torí aṣọ kì í bá síkéèlì mu bọ̀rọ̀, ní 1:24 òwú inú aṣọ lásán ti nípọn bí okùn. Ọ̀pọ̀ èèyàn kì í tiẹ̀ so ìgbòkun rárá, òpó àti okùn nìkan ni wọ́n ń fi sílẹ̀.

Jẹ́ǹtùGwarinpa:

Èmi tí mo wá ṣe yẹ̀yẹ́, mo ti ń wá iye plywood 4mm lórí fóònù báyìí. Ta ló ṣe èyí sí mi?

Akọ̀wéKúbwa:

Ẹ kú ìnáwó ọgbọ́n o gbogbo yín. Mo ti ya kíìlì Joliba sórí bébà, ínṣì 20 gééré, mo dẹ̀ ní kí ọmọ bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà mú Actual size, ó ní "ọ̀gá, ta ló kọ́ yín?" Káfíńtà, ti fíníà yẹn ni mo fẹ́ wá gbà ní Sátidé, kí ni kí n mú dání, èló sì ni?

KáfíńtàKugbo:

Ẹ má sanwó àjákù, ẹ bá mi ra mínírà fún àwọn ọmọ ṣọ́ọ̀bù ni. Lẹ́yìn agogo mẹ́rin ni kẹ́ ẹ wá, kọ́sítọ́mà ti lọ nígbà yẹn. Ẹ mú àpò sìmẹ́ńtì òfìfo dání àti ìbòmú, masóníà là ń gé lọ́jọ́ yẹn. Ẹ sì sọ fún Gwarinpa pé tó bá ń bọ̀ kó wá pẹ̀lú àpò tiẹ̀.